Orin Tí Mo Fi Pamọ́

Àbúrò mi, sún mọ́ mi díẹ̀, kì í ṣe gbogbo ayé ni mò ń bá sọ ọ́. Ní Ṣómólú wa níbí, orin kò wọ́n. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ káàdì ìyàwó ń lu tiẹ̀ láti àárọ̀. Tó bá di Sátidé, wọ́n á ta kánópì dí àdúgbò, wíńdò ẹ á sì máa gbọ̀n. Tí o bá yà sí Bàrígà, Olamide ọmọ àdúgbò ni wàá bá lẹ́nu wọn. Orin àwọn ẹlòmíì nìyẹn. Tìẹ ńkọ́?

Èmi ní orin tí n kì í gbọ́ àfi lọ́jọ́ ẹ̀. Wákà Salawa Àbẹ̀ní, ọjọ́ tí mo bá fẹ́ fọ aṣọ rẹpẹtẹ ni. Màmá mi ló kó o ràn mí. Ọ̀dọ́mọdébìnrin ni Salawa nígbà tó gbé àwo ẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1976, lórí ikú Murtala Muhammed. Tí mo bá ti rántí ìgboyà yẹn, òkìtì aṣọ kì í bà mí lẹ́rù mọ́.

Ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá, ti Àyìndé Barrister onífújì ni, torí ọjọ́ yẹn ló kú ní 2010. Bàbá mi fẹ́ràn ẹ̀ débi pé ó ń bá àwọn ọmọlẹ́yìn Kollington, onífújì tó ń bá a díje, jà nítorí ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò bá èyíkéyìí nínú àwọn méjèèjì jẹun rí! Mo máa ń jókòó sórí àga bàbá mi, n ó gbọ́ ojú àwo kan, n ó sì pa á. Mo máa ń sunkún díẹ̀, àmọ́ kì í pẹ́.

Àmọ́ o, má fi orin tí o fẹ́ràn ṣe aago ìdájí láé. Mo fi ti Ebenezer Obey kan ṣe é, nígbà tí mo ń sáré la afárá Third Mainland kọjá kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tó bẹ̀rẹ̀. Kò pé oṣù kan, tí wọ́n bá lù ú níbi ìnáwó, àyà mi á já, ẹsẹ̀ mi á máa wá bàtà. Títí dòní, orin yẹn ò dùn mọ́.

Tí wọ́n bá mú iná lọ, má tan jẹnẹrétọ̀ tìtorí orin. Ariwo ẹ̀ á gbé e mì. Rédíò kékeré oníbátìrì tó.

Má sì fi orin ìkọ̀kọ̀ ẹ han ọkùnrin tí o ò tíì mọ̀ délé. Ọjọ́ tí ẹ bá pín yà, á kó ẹrù ẹ̀ lọ, orin á ṣẹ́ kù sí ọ lọ́wọ́, òórùn ọkùnrin náà á sì wà lára ẹ̀. Mo ní ọ̀kan bẹ́ẹ̀. N ò ní dárúkọ ẹ̀.