Ìrántí Àwọn Àgbà àti Iṣẹ́ Ẹgbẹ́

Ní Lọ́kọ́ja, níbi tí odò Ọya àti odò Bẹ́núè ti pàdé, ìrántí àgbàlagbà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtàn lásán. Odò kún bo ọ̀pọ̀ ilé ní ọdún 2012, ó sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2022. Ẹni tí ó bá rántí ibi tí omi dé lè kìlọ̀ fún ẹni tí ó fẹ́ ra ilẹ̀ létí odò. Bẹ́ẹ̀ náà ni ààlà oko àti àdéhùn tí a kò kọ sílẹ̀: orí àwọn àgbà ni púpọ̀ nínú wọn wà. Bí iyè wọn bá ra, gbogbo àdúgbò ni ó pàdánù.

Ǹjẹ́ a lè fi ẹ̀kọ́ ran iyè àgbà lọ́wọ́? Ní ọdún 1998, àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan tí wọ́n pè ní ACTIVE. Àwọn 2,832 tí ọjọ́ orí wọn tó 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n pín sí ọ̀nà mẹ́rin: àwọn kan kọ́ ọgbọ́n ìrántí, àwọn kan kọ́ ìrònú, àwọn kan kọ́ bí a ṣe ń yára mọ ohun tí ojú rí, àwọn ìyókù kò sì gba ẹ̀kọ́ kankan. Ohun tí a kọ́ oníkálukú ni ó mọ̀ sí i, kò ran ibòmíràn. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, èrè ẹ̀kọ́ ìrántí ti parẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èrè ẹ̀kọ́ méjì yòókù ṣì kù. Ẹ̀kọ́ ìrántí kò dà bí ìsọ̀yè tí a gbà pé a lò lẹ́ẹ̀kan tí ó parí, àṣetúnṣe ni.

Ọgbọ́n náà kò ṣàjèjì. Kí ìyá tí ó fẹ́ ra ohun mẹ́jọ lọ́jà kọ́kọ́ pín wọn: ata, àlùbọ́sà, iyọ̀ àti epo jẹ́ ti ọbẹ̀, ọṣẹ àti ìgbálẹ̀ jẹ́ ti ilé, òwú àti abẹ́rẹ́ jẹ́ ti aṣọ. Ó tún lè fi ojú inú gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ibi kan nínú ilé rẹ̀, epo lẹ́nu ọ̀nà, ọṣẹ lórí àga, kí ó sì fi ọkàn rin inú ilé náà nígbà tí ó bá dé ọjà. Ohun tí ó bá pani lẹ́rìn-ín kì í tètè sọnù.

Kí a tó sọ pé àgbà gbàgbé, kí a kọ́kọ́ wò ó bóyá ó gbọ́. Etí tí ó wúwo, ẹ̀jẹ̀ ríru, àìsùn àti ìbànújẹ́ ń pa ìrántí lára, wọ́n sì ní ìtọ́jú.

Ìgbàgbé kan wà tí ẹ̀kọ́ kò tó fún. Ẹni tí kò rántí ibi tí ó fi kọ́kọ́rọ́ sí kò ṣe ohun àrà. Ẹni tí ó ṣìnà ilé tí ó ti gbé fún ọgbọ̀n ọdún yẹ kí ó rí dókítà. Ní ọdún 1992 ni àwọn oníṣègùn Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Indiana bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn àgbàlagbà Ìbàdàn wé àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis. Ní 2001 wọ́n kéde pé iye àwọn tí àrùn ìgbàgbé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú ní Ìbàdàn kò tó ti ọ̀hún. Kò tó o, ṣùgbọ́n ó wà láàrin Yorùbá, àwọn kan sì ń pè é ní àjẹ́. Ìyá tí ń rìn kiri lóru, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bára mu mọ́, aláìsàn ni. Ẹgbẹ́ tí ó bá jókòó gbọ́ ẹ̀sùn àjẹ́ lórí irú ìyá bẹ́ẹ̀ ti ṣẹ ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀.

Àwọn ẹgbẹ́ ọmọ Ọ̀wọ́rọ̀, Ìyàgbà, Ìjùmú, Bùnú àti Kàbà tí ń ṣe ìpàdé ní Lọ́kọ́ja lè bẹ̀rẹ̀ láìná kọ́bọ̀. Kí akọ̀wé tó ka àkọsílẹ̀ ìpàdé tó kọjá, kí àgbà méjì sọ ohun tí wọ́n rántí. Kí a má fi ẹni tí ó bá ṣì í sọ rẹ́rìn-ín, nítorí ẹni tí ojú bá tì kì í gbìyànjú lẹ́ẹ̀kejì. Kí ọ̀dọ́ kan jókòó ti àgbà kan, kí ó bi í léèrè ibi tí omi dé ní àdúgbò rẹ̀ ní 2012, kí ó sì kọ ọ́ sínú ìwé ẹgbẹ́. Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, kí ó tún bi í kí ó tó ṣí ìwé náà.