EFÍNRÍN ÀTI ÀWỌN KÒKÒRÒ TÍ APÁ OÒGÙN KÒ KÁ MỌ́

Ẹ̀kọ́ wa ti ọ̀tẹ̀ yìí dá lórí ewé kan tó wà lẹ́yìnkùlé ọ̀pọ̀ nínú wa. Àwọn ìyá ọlọ́mọ wẹẹrẹ ló ń béèrè pé, nígbà tí kápúsù kò bá ṣiṣẹ́ mọ́, ṣé kí àwọn padà sídìí efínrín?

Kí a kọ́kọ́ mọ ìdí tí kápúsù kò fi ṣiṣẹ́ mọ́. Ní 1928 ni Alexander Fleming rí pẹnisílínì ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1945, òun fúnra rẹ̀ kìlọ̀ pé ẹni tó bá lo oògùn náà tí kò tó ìwọ̀n ń kọ́ kòkòrò ní bí yóò ṣe borí rẹ̀ ni. Àwọn tó lẹ á kú, àwọn alágídí á ṣẹ́kù, wọn á sì máa bí irú ara wọn. Ẹ wá wo àṣà wa: kápúsù méjì péré, aláwọ̀ pupa òun yẹ́lò, lọ́wọ́ oníkiri, a ó tú u sínú ẹ̀kọ fún ọmọ tó ń ya ìgbẹ́ gbuuru. (Tẹtirasáíkílìn nìyẹn. Ó tún máa ń ba eyín ọmọdé jẹ́.) Ní 2019, àwọn kòkòrò alágídí yìí pa ènìyàn tó lé ní mílíọ̀nù kan láyé, ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà wa yìí ni wọ́n sì ti ṣọṣẹ́ jù.

Ní ti efínrín, àwọn àgbà kò purọ́. Ní 1969, Abayọmi Sofowora àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí jáde lórí bóyá ó ń ṣiṣẹ́ bí àwọn baba wa ṣe ń lò ó. Agbára rẹ̀ wà nínú òróró tí a ń gbọ́ òórùn rẹ̀ bí a bá fọwọ́ ra ewé náà. Wọ́n máa ń sè é, wọn á gba oru rẹ̀ kó tutù, bí a ti ń pọn ògógóró (ẹ forí jì mí fún àfiwé yìí), òróró á sì léfòó. Ohun kan wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ thymol, tó máa ń ya awọ ara kòkòrò, tí ohun inú rẹ̀ á fi jò dànù. Nínú abọ́ ìwádìí, irú òróró bẹ́ẹ̀ ti pa kòkòrò tí kápúsù kò rí ṣe.

Ṣùgbọ́n abọ́ ìwádìí kì í ṣe ikùn ọmọ. Òróró inú ìkòkò àgbo kò pọ̀, púpọ̀ rẹ̀ á sì bá oru lọ. Bí a bá sì fún ọmọ ní ojúlówó òróró mu, ohun tó ya awọ kòkòrò lè ṣe ara ọmọ náà léṣe. Òróró kànáfùrù, ṣíbí tíì kan tàbí méjì, ti gbé ọmọ kékeré dé ọsibítù rí.

Ẹ máa fi efínrín sebẹ̀, ó dára. Fún ìgbẹ́ gbuuru, ORS inú ọ̀rá kékeré, tí a pò bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára rẹ̀, oògùn síńkì àti ọmú ìyá ni. Ọ̀pọ̀ ìgbẹ́ gbuuru kò nílò kápúsù rárá. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà níbẹ̀, tí ojú ọmọ jìn wọnú, tàbí tí kò lè mu omi, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́.

Sí ìpàdé tó ń bọ̀, kí olúkúlùkù kó àwọn kápúsù àjẹkù tó fi pamọ́ sílé wá, kí àwọn nọ́ọ̀sì àárín wa yẹ̀ wọ́n wò, kí a sì kó wọn lọ sí ilé oògùn.