Ọwọ́ Ara Ẹni La Fi Ń Tún Ìwà Ara Ẹni Ṣe

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ọmọdé ń retí ẹni tí yóò gbé e dìde, ṣùgbọ́n àgbà ń wá ohun tí ó gbé e ṣubú, kí ó má baà tún kọsẹ̀ níbẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn. Wíwo ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀ ni àyẹ̀wò ara ẹni, èyíinì ni pé kí ènìyàn fara balẹ̀ bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí ó ṣe, ìdí tí ó fi ṣe é àti ibi tí ó já sí. Ẹni tí kò bá sì ń ṣe é, ọjọ́ orí rẹ̀ lè máa pọ̀ sí i kí ọgbọ́n rẹ̀ má kúrò lójú kan.

Àyẹ̀wò yìí di dandan nítorí pé ìgbà kì í lọ bí òréré, ayé kì í lọ bí ọ̀pá ìbọn. Iṣẹ́ lè bọ́, ọjà lè kùtà, ikú lè mú alábàárò lọ, ènìyàn sì lè bá ara rẹ̀ ní ìlú tí kò mọ ẹnikẹ́ni. Gbígba àyípadà nírú àkókò bẹ́ẹ̀ ni pé kí ènìyàn gbà pé ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ ti ṣẹlẹ̀, kí ó sì wá ohun tí ó ṣì kù lọ́wọ́ rẹ̀ láti ṣe. Ẹni tí ó juwọ́ sílẹ̀ kò tíì gba àyípadà, àyípadà ni ó borí rẹ̀.

Ìgbésí ayé Samuel Àjàyí Crowther jẹ́ ẹ̀rí sí èyí. Ní 1821 ni àwọn akónilẹ́rú ja ìlú rẹ̀, Òṣóògùn, wọ́n kó o lẹ́rú, ìbànújẹ́ sì mú un débi pé ó rò ó láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ ní 1822, tí wọ́n sì mú un lọ sí Sàró, ìwé kíkà ni ó dojú kọ. Ní 1837, ó jókòó kọ lẹ́tà gígùn tí ó fi wo ẹ̀yìn wo ọjọ́ tí wọ́n mú un àti ohun tí ó ti inú rẹ̀ jáde. Ó di àlùfáà ní 1843, ó tún padà rí ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1846, ó sì di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Síbẹ̀ kò sọ èdè ìyá rẹ̀ nù, torí odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Iṣẹ́ tí ó ṣe lórí gírámà Yorùbá àti ìtumọ̀ Bíbélì wà lára ìpìlẹ̀ tí kíkọ Yorùbá sílẹ̀ dúró lé.

Èrò àwọn onímọ̀ náà bá èyí mu. Carol Dweck, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Yunifásítì Stanford, ṣàlàyé nínú ìwé tí ó gbé jáde ní 2006 pé ẹni tí ó gbà pé òye lè dàgbà kì í tètè sá fún ohun tí ó le, nígbà tí ẹni tí ó rò pé bí a ṣe bí òun náà ni òun yóò ṣe wà máa ń ka àṣìṣe sí ìdájọ́.

Ó yẹ, nígbà náà, kí olúkúlùkù ya àkókò díẹ̀ sọ́tọ̀ lálaalẹ́ láti ro ọjọ́ rẹ̀ wò, kí ó kọ ohun tí ó rí sílẹ̀, kí ó ya ohun tí agbára rẹ̀ ká sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí kò ká, kí ó sì mú ìwà kan ṣoṣo tí yóò tún ṣe. Bákan náà, ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní ń bá ni rí tẹni. Nítorí náà, kí ó ní ọ̀rẹ́ olóòótọ́ kan tí ó lè sọ òtítọ́ fún un láìpọ́n ọn lé. Alábàárò lè tọ́ni sọ́nà, òbí lè gbàdúrà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò bá ẹlòmíràn tún ìwà rẹ̀ ṣe: kí oníkálùkù bẹ̀rẹ̀ lónìí.