Iṣẹ́ Àdìrẹ: Bí A Ti Ń Ṣe É, Ibi Tí A Ti Lè Kọ́ Ọ, àti Ìṣirò Èrè Rẹ̀

Ẹ ti ka Ìwé Kìn-ín-ní tán, ẹ ti ka Ìwé Kejì tán. Ẹ lè kọ orúkọ yín, ẹ sì lè ka lẹ́tà tí ọmọ yín kọ ránṣẹ́. Lónìí a fẹ́ kà nípa iṣẹ́ kan tí púpọ̀ nínú yín mọ̀ ju àwa olùkọ́ lọ. Iṣẹ́ náà ni iṣẹ́ àdìrẹ. Ní kíláàsì àgbà, a sábà máa ń rí ìyá kan tí èékánná rẹ̀ dúdú nítorí aró. Irú ìyá bẹ́ẹ̀ a máa fi ọwọ́ pamọ́ nígbà tí ó bá yẹ kí ó mú ṣọ́ọ̀kì. Ìyá, ẹ má fi ọwọ́ pamọ́ o. Ọwọ́ iṣẹ́ ni.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ọ̀rọ̀ náà. À-dì-rẹ. Ẹ pè é wẹ́wẹ́ bí a ti ń ṣe ní kíláàsì. Ọ̀rọ̀ méjì ni ó wà nínú rẹ̀: dì, àti rẹ. A di aṣọ, a sì rẹ ẹ́ sínú aró. Ibi tí a dì, aró kò ní wọ ibẹ̀. Yóò dúró ní funfun. Ibi tí a kò dì yóò dúdú. Gbogbo ọgbọ́n iṣẹ́ náà kò ju èyí lọ, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá rò pé ó rọrùn, kí ó lọ gbìyànjú rẹ̀ wò.

Àwọn ìyá wa àtijọ́ kò ra aró ní ìsọ̀. Ewé èlú ni wọ́n ń já, àní ewé tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. Wọ́n á gún un nínú odó títí yóò fi dúdú, wọ́n á mọ ọ́n róbótó bí àkàrà, wọ́n á sì sá a sí oòrùn. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á wá eérú. Ìkòkò méjì ni wọ́n fi ń ṣe é, ọ̀kan lórí èkejì. Ìdí ìkòkò òkè ní ihò. Wọ́n á kó eérú sínú rẹ̀, wọ́n á da omi lé e, omi náà yóò sì máa kán tó, tó, tó sínú ìkòkò ìsàlẹ̀. Omi eérú yìí ni wọ́n ń dà sórí èlú. Wọ́n á fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kí ó lè kan. Bí òórùn rẹ̀ bá ti yí padà, tí ìfófòó sì bo ojú rẹ̀, aláró ti mọ̀ pé aró dé nìyẹn. Kò sí aago, kò sí òṣùwọ̀n. Imú àti ojú ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n.

Nǹkan ìyanu kan wà níbẹ̀. Bí a bá ti aṣọ bọ inú aró, tí a sì fà á jáde, kì í dúdú lójú ẹsẹ̀. Yóò kọ́kọ́ rí bí ewé tútù. Afẹ́fẹ́ ni yóò sọ ọ́ di aró níṣojú wa. Àwọn ọmọ ilé-ìwé gíga a máa kọ́ ọ nínú ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì pé afẹ́fẹ́ ní ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ìyá tí kò wọ ilé-ìwé rí ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Ìdí nìyí tí a fi ń bọ aṣọ, tí a ń sá a sí afẹ́fẹ́, tí a tún ń bọ̀ ọ́, títí yóò fi dúdú bí a ti fẹ́. Ẹni tí ó bá kánjú, aró rẹ̀ yóò ṣí ní ìgbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ fọ aṣọ náà.

Oríṣi àdìrẹ pọ̀. Àdìrẹ oníko ni èyí tí a fi iko dì. A lè fi òkúta wẹ́wẹ́ tàbí kóró èso sínú aṣọ kí á tó dì í, kí ó lè yọ ní róbótó bí oṣù. Àdìrẹ alábẹ́rẹ́ ni èyí tí a fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán mọ́ra pinpin kí á tó rẹ ẹ́. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni èyí tí a fi ẹ̀kọ láfún ya àwòrán sí. Ìyẹ́ adìyẹ ni wọ́n fi ń yà á. Ẹlòmíràn a máa lo igi ọwọ̀ tàbí ọ̀bẹ. Ní Abẹ́òkúta, àwọn ọkùnrin náà bá wọn dá sí i: wọ́n ń gé páànù ní àwòrán, wọ́n sì ń fi ẹ̀kọ gba ojú rẹ̀ kọjá sára aṣọ. Iṣẹ́ ẹlẹ́kọ ni ó wù wá jù, nítorí pé bí ìwé ni aṣọ náà rí. Ẹ wo èyí tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn. Àwọn òpó Gbọ̀ngàn Mápó ni ẹ óò rí lára rẹ̀, àwọn òpó gan-an tí ó wà lórí òkè Mápó. Ẹ wo èyí tí wọ́n ń pè ní Olókun, tí ó kún fún ohun inú omi. Ní 1935, nígbà tí Ọba Jọ́ọ̀jì Karùn-ún ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lórí oyè, àwọn aláró wa ya òun àti aya rẹ̀ sórí aṣọ, wọ́n sì ń tà á. Ẹni tí kò mọ a, b, d ni ó ń fi ìyẹ́ adìyẹ kọ ìtàn sílẹ̀ báyìí!

Iṣẹ́ yìí ti ní ìjà nínú rí o. Nígbà tí aṣọ funfun olówó pọ́ọ́kú láti òkè òkun bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀, àwọn aláró Abẹ́òkúta gbòòrò púpọ̀. Àwọn oníṣòwò láti Gold Coast, tí à ń pè ní Gánà nísinsìnyí, àti láti Sẹ̀nẹ̀gà, wá ń ra àdìrẹ lọ́wọ́ wọn. Iṣẹ́ pọ̀ ju èlú lọ. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í lo kọ́sítíìkì sódà dípò omi eérú, àti aró oníyẹ̀fun dípò èlú, nítorí pé wọ́n yá jù. Àwọn kan nínú oníbàárà ráhùn pé aṣọ kò dára mọ́. Ní 1936, Aláké Adémọ́lá Kejì fi òfin de kọ́sítíìkì sódà àti aró òyìnbó. Àwọn ìyá aláró kò gbà. Wọ́n ní bí wọ́n bá padà sí eérú nìkan, owó tí wọ́n ń ná yóò pọ̀, oníbàárà yóò sì sá. Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ ìjọba òyìnbó, wọ́n sì ṣe ìwádìí sí i. Nínú èrò tiwa, ìhà méjèèjì ni ó ní òótọ́ díẹ̀. Ẹni tí ń ṣọ́ orúkọ ọjà ìlú kò ṣìnà. Ẹni tí ń wá oúnjẹ ọmọ rẹ̀ náà kò ṣìnà.

Ìjà náà kò tíì tán dòní. Púpọ̀ nínú àdìrẹ tí a ń rí lónìí, àti èyí tí wọ́n ń pè ní kàḿpálà tí a fi àbẹ́là ṣe, kọ́sítíìkì sódà ni wọ́n fi ṣe é. Àwa kò ní sọ pé kí ẹ má lò ó. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí dáadáa, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé yín: kọ́sítíìkì sódà ni a ń dà sínú omi, díẹ̀díẹ̀, a kì í da omi lé kọ́sítíìkì sódà lórí, nítorí yóò hó, yóò sì ta sí ojú. Ẹ má ṣe pò ó sínú ìkòkò alumíníọ̀mù, yóò jẹ ìkòkò náà. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé sún mọ́ ọn, ẹ má sì rọ ọ́ sínú ìgò ohun mímu láé. Bí ó bá kan ara yín, ẹ fi omi púpọ̀ ṣàn án fún ìgbà pípẹ́. Bí ó bá kan ojú, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì máa lọ sí ilé-ìwòsàn kíá.

Ọ̀tá kejì ni ayédèrú. Ẹ̀rọ ní òkè òkun ti ń tẹ àwòrán àdìrẹ sórí aṣọ báyìí, wọ́n sì ń tà á ní ọjà tiwa ní iye tí aláró kò lè tà. Báwo ni a ó ṣe mọ̀ ọ́n? Ẹ tẹ́ aṣọ náà, kí ẹ wo àwòrán kan, kí ẹ tún wo ìkejì rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ ènìyàn kì í ya ohun méjì kí wọ́n rí bákan náà délẹ̀délẹ̀. Ẹ yí ẹ̀yìn aṣọ síwájú: ti ẹ̀rọ sábà máa ń ṣì ní ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n aró tòótọ́ a máa wọ aṣọ já. Ẹ̀yin tí ń ta àdìrẹ, ẹ kọ́ oníbàárà yín ní èyí. Ó sàn ju kí ẹ máa bú àwọn tí ń ta ayédèrú lọ.

Nísinsìnyí, ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí ń kọ́? Abẹ́òkúta wà níbẹ̀. Bí ẹ bá dé ọjà Ìtòkú, ẹ óò rí aṣọ lọ súà, ẹ óò sì rí ẹni tí yóò tọ́ka ibi tí wọ́n ti ń rẹ ẹ́ fún yín. Òṣogbo náà wà níbẹ̀, ìlú tí wọ́n ń kì ní ìlú aró. Níbẹ̀ ni Dúró Ládiípọ̀ àti Ulli Beier ti dá ẹgbẹ́ Mbárí Mbáyọ̀ sílẹ̀ ní 1962, tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ fi di ayàwòrán, òṣèré àti onílù. Níbẹ̀ náà ni Ìyáàfin Níkẹ̀ẹ́ Okúndayé, tí a bí ní 1951 ní Ògìdì ní ilẹ̀ Ìjùmú, ti dá ibùdó ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ sílẹ̀ ní 1983. Ó ti kọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ obìnrin àti ọ̀dọ́ níṣẹ́ níbẹ̀ láìgba owó. Inú ẹbí rẹ̀ ni òun náà ti kọ́ iṣẹ́, kì í ṣe ní yunifásítì.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọ̀gá ni ó ń kọ́ni lọ́fẹ̀ẹ́. A ti gbọ́ ẹjọ́ irú èyí rí: ọmọbìnrin kan lo ọdún méjì lọ́dọ̀ ọ̀gá, ó fọ aṣọ, ó pọn omi, ó fẹ́ná, ó bá ọ̀gá gbé ọmọ. Nígbà tí àkókò fírídọ̀ọ̀mù tó, kò mọ bí a ti ń po aró, nítorí pé òru ni ọ̀gá fi ń pò ó. Ẹjọ́ náà dé ilé baálẹ̀. Baálẹ̀ béèrè pé, "Kí ni ẹ jọ sọ níjọ́sí?" Ìyá ọmọ sọ tirẹ̀, ọ̀gá sọ tirẹ̀. Kò sí ìwé.

Nítorí náà, kí ẹ tó san owó, ẹ kọ àdéhùn. Ẹ ti mọ̀ ọ́n kọ nísinsìnyí! Ẹ kọ orúkọ ọ̀gá àti ti ọmọ-iṣẹ́. Ẹ kọ ọjọ́ tí ó wọlé àti ọjọ́ tí yóò gba òmìnira. Ẹ kọ iye owó, àti ìgbà tí ẹ óò san án. Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù ni kí ẹ kọ ohun tí wọn yóò kọ́ ọ: dídì, rírán, yíya ẹ̀kọ, àti pípo aró. Kí ẹlẹ́rìí méjì fọwọ́ sí i. Ẹni tí kò bá mọ ìwé, kí ó tẹ ìka. Ìwé méjì ni kí ẹ ṣe, kí ẹni kọ̀ọ̀kan mú ọ̀kan. Bí ọ̀gá bá bínú nítorí ìwé, ẹ wá ọ̀gá mìíràn.

Ní ti títà, ẹ máa wo àkókò ọdún. Ní oṣù Kẹjọ, èrò púpọ̀ a máa lọ sí Òṣogbo fún ọdún Ọ̀ṣun; igbó Ọ̀ṣun ti wà nínú ìwé ohun ìní gbogbo ayé láti 2005, nítorí náà àlejò a máa ti ọ̀nà jíjìn wá. Ní ọjọ́ kẹta Iléyá, Ojúde Ọba a máa kún ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn ẹgbẹ́ a máa dá aṣọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ tà nígbà náà, oṣù méjì ṣáájú ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ aṣọ.

Ó ku ìṣirò. Ẹ mú pẹ́ńsù. Iye tí a ó kọ yìí, àpẹẹrẹ lásán ni. Ẹ fi iye ọjà tiyín rọ́pò rẹ̀. Ìyá kan ra aṣọ funfun yáàdì 5, yáàdì kan ₦1,500. Èyí jẹ́ ₦7,500. Aró àti kẹ́míkà gba ₦1,800. Láfún gba ₦400. Igi ìdáná gba ₦600. Owó ọkọ̀ lọ sí ọjà àti àbọ̀ jẹ́ ₦700. Ẹ rò wọ́n pọ̀. ₦11,000 ni. Ó ta aṣọ náà ní ₦12,000, ó sì dúpẹ́ pé òun jèrè ₦4,500, nítorí owó aṣọ funfun nìkan ni ó rántí. Èrè rẹ̀ kò ju ₦1,000 lọ, ọjọ́ méjì ni ó sì fi ṣe é. Ẹ ṣírò iye tí ó gbà fún iṣẹ́ ọjọ́ kan. Àwa kò fẹ́ sọ ọ́ fún yín.

Ìbéèrè tí ó kù nìyí, kí ẹ ṣe é nílé. Ẹgbẹ́ kan wá bá ìyá yìí kan náà. Wọ́n fẹ́ aṣọ 10, irú ti ìṣáájú, ṣùgbọ́n ₦11,500 ni wọ́n fẹ́ san lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá ra gbogbo nǹkan pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni yóò san owó ọkọ̀, yóò sì fi ọjọ́ 6 rẹ gbogbo wọn. Èló ni gbogbo ìnáwó rẹ̀? Èló ni èrè rẹ̀ lórí iṣẹ́ ọjọ́ kan? Ṣé kí ó gbà, tàbí kí ó kọ̀? Ẹ kọ ìdí tí ẹ fi sọ bẹ́ẹ̀, kí ẹ mú un wá sí kíláàsì.