Èdè-Ìperí fún Ìdúró Ọkọ̀: Àbá lórí "Ìdínrékù"

1. Ìṣòro

Bí agbo màlúù bá yọ sí títì láàárín Ṣakí àti Ìṣẹ́yìn, nínú ọ̀dàn Òkè-Ògùn, awakọ̀ yóò tẹ bíréèkì. Àwọn èrò yóò ní ó dín eré kù. Ṣùgbọ́n ìtumọ̀ méjì ni "ìdínkù eré" ní: iye eré tí ó lọ, àti bí ó ti ń lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Ọkọ̀ méjì lè pàdánù iye eré kan náà, kí ọ̀kan dúró kí ó tó dé ọ̀dọ̀ màlúù, kí èkejì sì kọlù ú. Ìtumọ̀ kejì ni ìṣirò ń fẹ́. Ìwé èdè-ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 dá lórí èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìwádìí. Ti ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ṣì ku iṣẹ́.

2. Àbá

Gẹ́gẹ́ bí "sá eré" ti di "sáré", bẹ́ẹ̀ ni "dín eré kù" lè di "dínrékù". Bí a bá fi àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ì- kún un, "ìdínrékù" ni yóò jẹ́, fún ìtumọ̀ kejì nìkan. Kí "àdínkù eré" dúró fún ti àkọ́kọ́. Ẹnìkejì ìdínrékù ni "ìfirékún", láti inú "fi eré kún".

3. Ìṣirò

Kí B jẹ́ eré ìbẹ̀rẹ̀, P eré ìparí, D ìdínrékù, A àkókò, J jíjìn tí ọkọ̀ rìn lẹ́yìn tí a tẹ bíréèkì. Bí D kò bá yí padà:

P = B − DA
P² = B² − 2DJ

Bí ọkọ̀ bá dúró, P di òdo; nítorí náà, D = B² ÷ 2J.

Ọkọ̀ akóṣu kan ń sá kìlómítà 72 ní wákàtí kan, èyí tí í ṣe mítà 20 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ó dúró lẹ́yìn mítà 40. D = 400 ÷ 80 = 5. Èyí ni pé ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, mítà 5 ń kúrò nínú eré rẹ̀. Ìṣẹ́jú-àáyá 4 ni ó fi dúró. Àdínkù eré rẹ̀ jẹ́ 20, ìdínrékù rẹ̀ jẹ́ 5.

Bí ó bá jẹ́ kìlómítà 36 ni ó ń sá, tí D kò yí padà, J = 100 ÷ 10 = mítà 10. Eré di ìdajì, ṣùgbọ́n jíjìn di ìdá mẹ́rin.

4. Ìgúnlẹ̀

Bí awakọ̀ bá lo ìṣẹ́jú-àáyá 1 kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kan bíréèkì, mítà 20 ti lọ ní eré àkọ́kọ́, 10 ní èkejì. Àpapọ̀ di 60 àti 20. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá mọ ìyàtọ̀ ọ̀rọ̀ méjèèjì yóò mọ ìdí tí màlúù tí ó wà ní mítà 50 fi là lọ́wọ́ ọkọ̀ kan, tí kò sì là lọ́wọ́ èkejì.