Sí Ọ̀dọ́ Ayàwòrán Ìwé Ọmọdé ní Ajah

Ìwọ ọmọ mi tí o ń gbé Ajah, tí o fẹ́ máa yàwòrán sínú ìwé ọmọdé láìní ọ̀gá, bí iṣẹ́ náà kò bá tíì lè san owó ilé, má ṣe tijú láti fi iṣẹ́ mìíràn tì í. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè, nítorí olùkọ́ ni Bruce Onobrakpeya, àgbà ọ̀jẹ̀ ayàwòrán ọmọ Agbarha-Otor, ní St. Gregory's College l'Ékòó, nígbà tí ìwé ìtàn Fágúnwà tí Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì jáde ní 1968 pẹ̀lú àwòrán tí Onobrakpeya yà.

Ní ti àwòrán àpẹẹrẹ tí o máa fi wá iṣẹ́, ya ọmọ kan náà bí ó ti ń sáré, tí ó ń sunkún, tí ó ń wọ ọkọ̀ ojú omi ní Bádòrè, kí ojú rẹ̀ má sì yàtọ̀. Èyí ni àwọn atẹ̀wéjáde ń wò.

Ní ti ìwé àdéhùn, àìtètè mólè, olè ń mólóko: òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ ti Nàìjíríà ọdún 2022 fi ẹ̀tọ́ àwòrán sọ́wọ́ ẹni tí ó yà á, bí a tilẹ̀ bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́, àfi bí ó bá fọwọ́ síwèé pé òun yọ̀ǹda rẹ̀. Ka ìwé àdéhùn náà tán kí o tó fọwọ́ sí i, kí o sì gba ìdajì owó kí búrọ́ọ̀ṣì tó kan ọ̀dà.