Ibi Tí Ògiri Ti Lanu

Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ọmọ Yorùbá tó ra ilé bíríkì àtijọ́ ní Chicago, tí fèrèsé rẹ̀ ń gbọ̀n pẹpẹ nígbàkígbà tí ìjì bá ti orí adágún Michigan fẹ́ wá, kò nílò ògbufọ̀ kó tó mọ aláǹgbá tí òwe yìí ń bá wí. Òtútù ni. Ní ọjọ́ 30, oṣù Kìíní, ọdún 2019, òtútù ìlú náà lọ sílẹ̀ dé 23 lábẹ́ òdo lórí òṣùwọ̀n Fahrenheit; ní 1985, ó ti dé 27 lábẹ́ òdo rí. Ìṣirò iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ iná àti epo sì ni pé ìdá 25 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún agbára tí à ń lò láti mú ilé gbóná tàbí láti mú un tutù ló ń bá ojú fèrèsé lọ. Síbẹ̀, bí ọ̀pọ̀ wa bá dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta fèrèsé, dígí la máa ń béèrè: ṣé ìpele méjì ni àbí mẹ́ta? Ìbéèrè gidi ni, àmọ́ òun kọ́ ló yẹ kó ṣíwájú. Ibi tí fèrèsé ti ń pa dé, àti ibi tó ti bá ògiri so, ni ká kọ́kọ́ yẹ̀ wò, pàápàá bó bá jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń pè ní double-hung.

Abala méjì ni double-hung ní, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, tí méjèèjì ń yọ́ lọ sókè sódò nínú férémù kan náà. Nínú èyí tó ti pẹ́, okùn àti irin wúwo tí wọ́n fi pamọ́ sínú ihò lẹ́gbẹ̀ẹ́ férémù ló ń bá wa gbé e dúró bí a bá ṣí i. Ihò yẹn ṣófo látòkè délẹ̀, afẹ́fẹ́ tútù sì ti sọ ọ́ di òpópónà. Ohun tó gbọ́dọ̀ máa yọ́ kò sì ṣe é fún mọ́ra jù. Fèrèsé tó ń ṣí bí ilẹ̀kùn, bí a bá tì í, ṣe ló máa ń tẹ rọ́bà etí rẹ̀ pinpin; double-hung ń fi ara ra rọ́bà tirẹ̀ lọ bọ̀ ni, rọ́bà náà a sì máa jẹ díẹ̀díẹ̀. Ibi tí ó ti lanu jù ni agbedeméjì, níbi tí abala méjèèjì ti pàdé. Kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi síbẹ̀ ló ń fà wọ́n mọ́ra. Ẹni tó ń tì í nítorí olè nìkan, ìdajì iṣẹ́ kọ́kọ́rọ́ náà ló mọ̀.

Ẹ̀rí wà níwájú ẹni tó bá fẹ́ kà á. Lára fèrèsé tuntun ni ìwé pélébé kan wà tí NFRC, àjọ tó ń díwọ̀n iṣẹ́ fèrèsé, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1989, fọwọ́ sí. Nọ́mbà àkọ́kọ́ ni U-factor, tó ń sọ bí ooru ilé ṣe ń yára sá jáde. Bó bá ṣe kéré tó ló ṣe dára tó. Dígí ẹyọ kan lè dé nǹkan bí 1.0, dígí méjì lásán, nǹkan bí 0.5; bí wọ́n bá fi fàdákà tín-ín-rín tí ojú kò rí kùn ún, tí wọ́n sì fi gáàsì argon sí àárín, ó lè sọ̀ kalẹ̀ sí nǹkan bí 0.3. Láti ọjọ́ 23, oṣù Kẹwàá, ọdún 2023, kí fèrèsé tó gba Energy Star, àmì ìjọba fún ohun tí kì í fi agbára ṣòfò, fún apá àríwá orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, 0.22 ni kò gbọdọ̀ kọjá, àfi èyí tó bá ń gba ooru oòrùn wọlé dáadáa, tí wọ́n lè fàyè gbà dé 0.26. Nọ́mbà tó ń sọ bí ooru oòrùn ṣe ń wọlé tó náà wà lórí ìwé ọ̀hún, ẹ má fojú fò ó: fèrèsé tó kọjú sí gúúsù nílùú olótùútù, ẹ jẹ́ kó jẹun oòrùn. Àmọ́ nọ́mbà tí ọ̀pọ̀ olùtajà kì í fẹ́ dárúkọ ni ti afẹ́fẹ́ tó ń jò wọlé. NFRC kò sọ ọ́ di dandan pé kó wà lórí ìwé. Energy Star ní kò gbọdọ̀ ju 0.3 lọ, bó bá sún mọ́ 0.1, ó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ béèrè rẹ̀. Dígí mẹ́ta tí afẹ́fẹ́ ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé, apẹ̀rẹ̀ tí a fi ń pọn omi ni. Dígí mẹ́ta tún wúwo, àgbàlagbà tí yóò máa gbé e sókè yóò sọ tẹnu rẹ̀. Ní ti férémù, ọ̀rọ̀ kò pọ̀: igi, ike tàbí fiberglass. Alumíníọ̀mù lásán dà bí ṣíbí irin tí a gbàgbé sínú ọbẹ̀ gbígbóná; ẹ fi ọwọ́ kan ìdí rẹ̀ wò.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Bí férémù àtijọ́ kò bá jẹrà, wọ́n lè ki fèrèsé tuntun bọ inú rẹ̀, owó rẹ̀ a sì mọ níwọ̀n. Ṣùgbọ́n bí agbaṣẹ́ṣe kò bá dí ihò okùn àti irin tí a wí lẹ́ẹ̀kan, òtútù kò tíì lọ síbì kankan. Ẹ jẹ́ kó kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé òun yóò dí i. Fóòmù tí kì í wú jù ni kó lò sí àyíká férémù, torí èyí tó ń wú gan-an lè fún férémù títí fèrèsé kò fi ní ṣe é ṣí. Ilé tí wọ́n kọ́ ṣáájú 1978 sì lè ní òjé nínú ọ̀dà rẹ̀. Eruku rẹ̀ ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, òfin sì béèrè pé agbaṣẹ́ṣe tó ní ìwé ẹ̀rí fún un ni kó fọwọ́ kàn án.

Ẹnìkan lè wí pé: bí èyí tó ń ṣí bí ilẹ̀kùn bá ń dé pinpin jù ú lọ, kí la wá ń fi double-hung ṣe? Òótọ́ ni, ibi tí ìjì ti ń kọlu ilé tààrà, ẹ fi tọ̀hún síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn Chicago náà kì í ṣeré. Double-hung tí a ṣí lókè àti nísàlẹ̀ ń jẹ́ kí ooru gba òkè jáde kí atẹ́gùn tútù sì gba ìsàlẹ̀ wọlé. Ẹ̀rọ amúlétutù olówó pọ́ọ́kú ń jókòó sínú rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn tuntun sì ṣe é tẹ̀ sínú ilé, tí a fi lè fọ dígí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì láìgun àkàbà. Yàrá ibùsùn nìkan ni kí ẹ ti ṣọ́ra, torí ìdajì rẹ̀ ló ń ṣí, òfin ìkọ́lé tó wọ́pọ̀ sì ń béèrè ojú àyè tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin 5.7 kí ènìyàn lè gba ibẹ̀ sá fún iná.

Atakò tó wúwo jù ni ti owó. Olùtajà yóò ní ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Ẹ dá a lóhùn pé owó fèrèsé tuntun kì í tètè padà sápò. Ìwádìí tí National Trust for Historic Preservation gbé jáde ní 2012, tí Chicago wà lára ìlú márùn-ún tí wọ́n yẹ̀ wò, fi hàn pé títún fèrèsé àtijọ́ ṣe, kí a fi fèrèsé ìdáàbòbò kejì bò ó níta, lè fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe iṣẹ́ tí tuntun ń ṣe, lówó tó kéré jìnnà. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́, ẹ tan tùràrí kí ẹ gbé e yí etí fèrèsé ká. Ibi tí èéfín bá ti yà bàrá, ibẹ̀ ló ti lanu. Bí igi rẹ̀ bá ṣì le, rọ́bà tuntun àti fèrèsé ìta ni kí ẹ kọ́kọ́ náwó lé. Èyí tó bá ti jẹrà ni ká pààrọ̀.

Ẹ̀dínwó owó-orí tí ìjọba àpapọ̀ ń fún onílé lórí fèrèsé, ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún tí kì í kọjá $600, ti kásẹ̀ nílẹ̀ lọ́jọ́ 31, oṣù Kejìlá, ọdún 2025. Olùtajà tó bá ṣì ń fi í polówó fún yín, ẹ sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.